Bí A Ṣe Ń Fi Ixora Ṣe Ọgbà Ilé

Òdòdó pupa tí àwọn ọmọdé máa ń já, tí wọ́n á fa okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ yọ kí wọ́n lè lá omi dídùn ìdí rẹ̀, ixora nìyẹn. Ìbátan kọfí ni. Àwọn bàbá wa tó dá oko kọfí ní agbègbè Kábà á rí i lára ewé rẹ̀, bó ṣe ń yọ ní méjì-méjì, tí wọ́n ń kojú síra.

Ibi tí ẹ máa gbìn ín sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìdí ògiri tuntun ni mo to tèmi sí. Kò pẹ́ tí ewé rẹ̀ fi pọ́n bí ìyeyè, iṣan inú ewé nìkan ló ṣì tutù. Mo ní òùngbẹ ni, mo ń bomi rin ín ṣáá. Àṣé sìmẹ́ǹtì ni! Ixora kò fẹ́ ilẹ̀ tí ẹfun wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà sì dà sílẹ̀ níbẹ̀ kò kéré. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta jìnnà sí ògiri, kí ẹ po ilẹ̀dú mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀.

Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ẹ gé ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù, tí kò sì tíì gbó, kó gùn tó báírò. Abẹ́ oríkèé ni kí ẹ ti gé e. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ fi méjì sílẹ̀ lókè. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ lu ìdí rẹ̀ tó fún un. Ẹ gbé e síbi ìbòòji, kí ilẹ̀ rẹ̀ máa tutù, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ má fà á tu láti wo gbòǹgbò o.

Ẹ ta okùn, kí ẹ gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síra, ó pẹ́ tán ní oṣù kẹsàn-án, kí ọyẹ́ má bàa ká a mọ́ ìta láì tíì rinlẹ̀. Ẹ kó koríko gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gún dí i nítorí ewúrẹ́.

Tó bá ti ga dé orúnkún, ẹ rẹ́ orí rẹ̀ kó lè pẹ̀ka. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìgbà tí òdòdó bá rọ tán kí ẹ tó tún rẹ́ ẹ, torí ṣóńṣó ẹ̀ka ló ti ń tanná. Ọgbà tí wọ́n ń rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ewé lásán ni wọ́n á máa wò.

Bí èérà bá ń gun ún, tí ewé sì dúdú bí ẹni fi èédú pa á, ẹ yí ewé wò lábẹ́: kòkòrò funfun bí òwú ló wà níbẹ̀. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, nírọ̀lẹ́.