Ìlànà Ẹ̀kọ́ Ṣáájú Ìwé: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Òbí Tí Ń Kọ́ Ọmọ Wọn Nílé ní Èkó

A kọ ìwé pélébé yìí nítorí owó tí àwọn òbí tí ń kọ́ ọmọ nílé ní Sùúrùlérè àti Yábàá ṣòfò sórí ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá. A kò ní í kọ́ yín bí a ti ń pín àkókò ẹ̀kọ́ tàbí bí a ti ń mú ọmọ jókòó, ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni a wá bá yín sọ: ẹ ń ra ìwé kí ìlànà ẹ̀kọ́ (kọríkúlọ́ọ̀mù) tó tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ìyá kan kó ìwé 14 wá bá mi nínú báàgì Ghana-must-go, gbogbo rẹ̀ fún ọmọ Pírámárì Kẹrin kan ṣoṣo. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ìwé ìṣirò tí ń sọ ohun kan náà. Márùn-ún jẹ́ irú èyí tí ọmọ ń kọ ìdáhùn sínú rẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn sì ti fi bíró dáhùn gbogbo rẹ̀ tán, ó tún ya irùngbọ̀n fún ọba tó wà nínú àwòrán. Ìwé Sáyẹ́ǹsì kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé, "Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ tú u wò, ó pé." Òun náà kò sì tú u wò.

NERDC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣètò ìlànà ẹ̀kọ́, ẹ ó sì rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ní 2025, ìjọba kéde àtúnṣe tó sọ iye iṣẹ́ (subject) tí ọmọ Pírámárì Kìíní sí Ìkẹta yóò ṣe di 9 sí 10, ti Ìkẹrin sí Ìkẹfà sì di 10 sí 12, nítorí náà ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà kọ́ díwọ̀n tirẹ̀. Fún ọmọ tí ń lọ síbi ìdánwò àṣekágbá girama tàbí ti ìwọlé yunifásítì, sílábọ́ọ̀sì WAEC àti ti JAMB ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ kọ àwọn àkòrí rẹ̀ sílẹ̀, sáà kan lójú ìwé kan, kí ẹ sì mú un dání lọ sọ́jà.

Ní ìdí àwọn tó ń pàtẹ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba tàbí Yábàá, ojú ìwé àkóónú ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Bí ìwé náà kò bá ní 8 nínú àkòrí 10 tí ẹ kọ, ẹ dá a padà, bó ti wù kó dára lójú tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé bí ìdì kan (àwọn ewé tí wọ́n ṣẹ́ po, tí wọ́n sì dì pọ̀) bá já kúrò nínú ìwé, ojú ìwé 16 ló sábà máa ń bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìka tútù ra ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí tàdáwà bá ràn, tí àwòrán sì ṣú dúdú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú, ẹ má rà á. Ìwé tí wọ́n ń kọ ìdáhùn sí, tuntun nìkan ni kí ẹ rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ìparí oṣù Keje sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹjọ ni kí ẹ lọ. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kẹsàn-án, kó má bá ẹnikẹ́ni jà lórí owó. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá àti ìwé àwòrán ilẹ̀ kò yẹ ní rírà. Ẹ mú ọmọ lọ sí Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè ní Yábàá.

Ìwé àkọsílẹ̀ ńkọ́? Rìímù bébà A4 kan, ewé 500, yóò di ìwé 25. Ẹ ka ewé 20, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kó di ojú ìwé 80. Ẹ lu ihò mẹ́ta sí ojú ìṣẹ́po, ọ̀kan ní àárín, méjì yòókù ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí etí, kí ẹ fi òwú ìránṣọ onílọ́po méjì rán an, kí ẹ sì so ó ní inú, kí kókó má bàa fà mọ́ aṣọ ọmọ.