Bí A Ṣe Lè Múra Ìdìbò Ìgbìmọ̀ Ẹ̀mí Láìgbójú Fo Àwọn Obìnrin

Nígbà tí Ridván, àjọ̀dún ẹ̀sìn Bahá'í, bá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin, àwọn Bahá'í ìlú kọ̀ọ̀kan máa ń yan ènìyàn 9 sí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀mí, èyí tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà ní ìlú wọn, kò sì sí ipò kankan níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Bí ẹ bá ń múra rẹ̀ ní Kàbà tàbí Ìsánlú, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpàdé sí àsìkò tí àwọn ìyá tí ń yan gàrí yóò ráyè, kí àwọn ọkùnrin sì máa gbé ọmọ.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ díje tàbí polongo. Ohun tí olùdìbò bá mọ̀ nípa ìwà àwọn ènìyàn ni yóò fi yàn, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti rọrùn láti gbàgbé obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lójú àwọn àgbà. Ẹ wo ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé, àti ẹni tí ó ń parí ìjà. Ẹ jẹ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin.

Lọ́jọ́ ìdìbò, lẹ́yìn àdúrà, kọ orúkọ ènìyàn 9 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, má sì buwọ́ lù ú. Ọkọ kò gbọdọ̀ pe orúkọ fún aya rẹ̀.

Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí Ilé Ìdájọ́ Àgbáyé, ìgbìmọ̀ tó ga jù lọ nínú ẹ̀sìn náà, ní Haifa ní Ísírẹ́lì, fi jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, ẹ má fi bò: bẹ́ẹ̀ ni ìwé mímọ́ Bahá'í là á sílẹ̀. Ẹ sì fi kún un pé ní 1922, obìnrin kan, Bahíyyih Khánum, ọmọ Bahá'u'lláh tí ó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, ni Shoghi Effendi, olórí ẹ̀sìn náà nígbà náà, fa àkóso rẹ̀ lé lọ́wọ́ nígbà tí Shoghi Effendi rin ìrìn àjò.