Kẹ́ ẹ tó lọ ra àṣíborí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń rọ ìhámọ́ra tí wọ́n sì ń kọ́ ìjà ayé àtijọ́

Ìbéèrè táwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré fífi ìhámọ́ra jà bíi tàwọn ajagun Yúróòpù ayé àtijọ́ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé níbo ni wọ́n ti ń ra àṣíborí irin, èló ni idà, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin tó ń dán ni gbogbo ojú ń wò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè aṣọ tó máa wà lábẹ́ irin yẹn, kò sẹ́ni tó ń béèrè bí òun ṣe máa mí tí irin bá ti bo imú òun, bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló máa sọ bóyá èèyàn á gbádùn eré yìí tàbí á ṣèṣe lọ sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ti pọ̀ tí mo rí níbí ní Ìlú Ọba, àwọn ọmọ wa tó ń gbé níbí náà ti ń wọ inú ẹ̀, ìdí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìjà tẹ́ ẹ fẹ́ jà, torí oríṣiríṣi ló wà. Àwọn SCA (Society for Creative Anachronism), ẹgbẹ́ tó ń fi ayé àtijọ́ Yúróòpù ṣeré, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní California lọ́dún 1966, igi rattan ni wọ́n fi ń jà, ẹbí pankẹ́rẹ́ tí tíṣà fi ń nà wá nílé ìwé ni, àmọ́ tiwọn nípọn tó 3 cm ó lé díẹ̀. Àwọn oníbuhurt, irin gidi ni tiwọn, idà tí wọn ò pọ́n, tí etí ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju 2 mm lọ, ẹgbẹ́ á dojú kọ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ti ṣubú ti jáde nìyẹn. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ogun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ni wọ́n ń ṣe padà, bíi ti Hastings ní 1066 tí wọ́n máa ń ṣe ní ìlú Battle ní Sussex, tàbí ti Tewkesbury ní 1471, ibẹ̀ gbogbo ayé ló mọ ẹni tó máa ṣẹ́gun, kí èèyàn mọ bó ṣe ń dá ọwọ́ idà ẹ̀ dúró lọ̀rọ̀ wà. Òfin wọn ò dọ́gba rárá. Ní SCA, ẹ lè fi idà gún ẹni tẹ́ ẹ ń bá jà, ní buhurt èèwọ̀ ni. SCA kì í na ìsàlẹ̀ orúnkún, buhurt kì í na ẹ̀yìn orúnkún àti ẹ̀yìn ọrùn. Ẹni tí kò bá ka òfin ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọ̀ kó tó gé irin, ó lè fi oṣù mélòó kan ṣiṣẹ́ kí ẹni tó ń yẹ ìhámọ́ra wò lẹ́nu ọ̀nà pápá wá ní rárá, ẹ ò lè wọlé. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ náà níbi tí wọ́n ti ń dánra wò kẹ́ ẹ tó náwó kankan. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìhámọ́ra tí wọ́n ń yá àlejò.

Àti pé ẹ mú ọdún kan àti ìlú kan. Àṣíborí 1480 lórí ẹ̀wù irin ayé 1360, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rí i láti òkèèrè, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ti ẹwà, wọn ò ṣe wọ́n kí wọ́n lè bára wọn ṣiṣẹ́, àlàfo máa wà ní ọrùn.

Wàyí o, aṣọ abẹ́ irin. Màá pẹ́ lórí eléyìí torí òun làwọn èèyàn máa ń fi sí ìkẹyìn, òun ló sì yẹ kó ṣíwájú. Irin kì í jẹ́ kí ojú idà wọlé, òótọ́ ni, àmọ́ agbára tó wà nínú idà yẹn ò lọ síbì kankan, ara yín ló ń bọ̀, aṣọ tó nípọn ló máa gbà á. Gambeson ni wọ́n ń pè é, aṣọ tí wọ́n tò ní ìpele ìpele tàbí tí wọ́n ki òwú sí láàárín, tí wọ́n wá rán ní ìlà ìlà kó má bàa sún. Nígbà ayé Louis kọkànlá tó jọba ní Faransé láti 1461 sí 1483, ohun tí wọ́n là sílẹ̀ fáwọn ọmọ ogun ni pé kí ẹ̀wù wọn ní aṣọ 30 ìpele, tó bá kéré tán 25, kí awọ àgbọ̀nrín kan wá wà pẹ̀lú ẹ̀. Aṣọ lásán ni o, àìmọye ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ló sì gbára lé irú ẹ̀ lójú ogun gidi. Nílé wa náà, lífídì táwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Haúsá àti Borno ń fi bo ẹṣin wọn, irú iṣẹ́ òwú kan náà ni.

Torí náà ẹ má fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì ṣe é, ẹ má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì polyester ṣe é torí pé ó rọ̀ lọ́jà. Ooru máa pa yín níbẹ̀. Ọ̀gbọ̀ àti òwú ni kẹ́ ẹ rà, ó ń fa òógùn, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Apá ẹ̀ ni ibi táwọn télọ̀ ti máa ń ṣì í jù. Wọ́n á ní kí ihò apá fẹ̀ dáadáa kí ọwọ́ lè ráàyè, bí wọ́n ṣe máa ń gé bùbá, ẹ wá gbé idà sókè báyìí gbogbo ẹ̀wù á tẹ̀ lé ọwọ́ gòkè, irin àyà náà á tẹ̀ lé ẹ̀wù, ó di abẹ́ àgbọ̀n. Òdìkejì ẹ̀ ló dáa: kí ihò náà kéré, kó sún mọ́ abíyá pẹ́kípẹ́kí, kí aṣọ apá wá gbòòrò wọnú àyà àti ẹ̀yìn. Ẹ̀wù Charles de Blois, ìjòyè Faransé kan tó kú lójú ogun Auray ní 1364, ṣì wà ní mùsíọ́mù aṣọ ní Lyon, ẹ wá àwòrán ẹ̀, kẹ́ ẹ wo bí ojú rírán apá yẹn ṣe yí gba orí àyà. Ẹ mú àwòrán yẹn fún télọ̀ yín. Tó bá rán an tán, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè, tí etí ìsàlẹ̀ ẹ̀wù bá kúrò níbi tó wà, kó tú apá ẹ̀ tún un rán.

Ìgbà tí gambeson bá délẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó wọn ara yín, pẹ̀lú ẹ̀ lọ́rùn. Àìmọye èèyàn ló ń wa pátáànì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, tí wọ́n á gé irin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara ẹni tó ya pátáànì yẹn ni wọ́n ń rọ irin fún. Dáfídì alára bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tó rí i pé òun ò lè fi rìn. Ẹ fi páálí gé e ná, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ dìde, ibi tó bá ti ń há ẹ gé e kù. Páálí ò wọ́n. Irin àyà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù: ó gbọ́dọ̀ parí sí ibi tí ìbàdí ti tín-ín-rín, lókè egungun ìdí, torí ibẹ̀ ni ara ti ń ká. Àwọn tó bá jẹ́ kó gùn dé ibi tí wọ́n ń so bẹ́líìtì ṣòkòtò mọ́, tí wọ́n bá jókòó báyìí itan á tì í sókè, etí ẹ̀ á sì gbá ọ̀fun wọn. Ti irin ẹsẹ̀ náà, ẹ má gbé e kọ́ èjìká o. Ìbàdí ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, sára aṣọ tó fún mọ́ra níbẹ̀ dáadáa, torí ìhámọ́ra odindi máa ń tó 20 sí 25 kg, èjìká ò lè dá gbé ìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ní ti irin fúnra ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi páànù ṣe é. Páànù ti ní zinc lára, tẹ́ ẹ bá ti fi iná sí i, bóyá ẹ fẹ́ kó rọ̀ ni tàbí ẹ fẹ́ wẹ́ẹ̀dì ẹ̀, èéfín funfun tó ń jáde yẹn máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, tó bá di alẹ́ ibà á dé, òtútù, ara ríro, àwọn wẹ́dà mọ̀ ọ́n dáadáa. Irin mild steel tí wọn ò fi nǹkan kankan bò ni kẹ́ ẹ béèrè. Àṣíborí, SCA ò gba ohun tó bá fẹ́lẹ́ ju gauge 16 lọ, nǹkan bíi 1.5 mm nìyẹn, àwọn oníbuhurt sì máa ń lò ó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ wá lọ fi 2 mm ṣe gbogbo ara torí ẹ̀rù ń bà yín, àṣìṣe nìyẹn náà, àwọn alágbẹ̀dẹ ayé ìgbà yẹn mọ̀ pé àyà iwájú gbọ́dọ̀ nípọn ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú, ẹ di etí yín. Òòlù lórí irin ní gáréèjì tó há, etí tó bá ti bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Ẹ fi fáìlì pa gbogbo etí irin tí ẹ gé, ìkan kan ò gbọ́dọ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra ẹ̀wù tí wọ́n fi òrùka irin hun, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi rivet, ìṣó kékeré tí wọ́n ń lù lórí kó má lè yọ, ti ẹnu òrùka kọ̀ọ̀kan pa, torí èyí tí wọ́n kàn tẹ ẹnu ẹ̀ pọ̀ lásán, ó máa là tí wọ́n bá nà án.

Àṣíborí wá dé. Ẹ má fẹ ihò ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ lè ríran dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. Ní 1559 ní Paris, ọba Henri kejì ti Faransé ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré lórí ẹṣin, eré ni o, àjọyọ̀ ìgbéyàwó ni, ọ̀kọ̀ ẹnì kejì kán, èéfọ́ igi wọlé sójú ẹ̀, ọjọ́ kẹwàá ló kú. SCA ní òfin tó rọrùn fún èyí: igi tí ìbú ẹ̀ jẹ́ ínṣì kan ò gbọ́dọ̀ wọlé níbì kankan níwájú àṣíborí. Ẹ gé igi yẹn kẹ́ ẹ fi dán tiyín wò. Inú àṣíborí ńkọ́? Orí ò gbọ́dọ̀ fara kan irin níbì kankan, imú pàápàá, kí okùn àgbọ̀n sì le. Ẹ dé e, ẹ mi orí sọ́tùn-ún sósì kíákíá, kí ẹlòmíì dì í mú níwájú kó fà á sókè. Tó bá yí lórí yín, ẹ ò tíì lè wọ pápá. Tí wọ́n bá sì nà yín lórí tí orí wá ń fọ́ yín, tí inú ń rú, tí ojú ń ṣú, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, ìjà ti parí lọ́jọ́ yẹn, ẹ lọ rí dókítà. Kò sí ife-ẹ̀yẹ tó tó ọpọlọ yín.

Ohun tó ń dáàbò bo ọrùn àti ìka: ẹ má wọlé láìsí wọn. Ìka ló tètè ń kán jù tí ìbọ̀wọ́ ò bá jẹ́ gidi.

Ẹsẹ̀ náà làwọn èèyàn máa ń ní àwọn á ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ní July 27, 1361, àwọn àgbẹ̀ Gotland, erékùṣù kan tó wà ní Sweden lónìí, dúró níta odi ìlú Visby láti kojú ọmọ ogun Denmark, wọ́n pa wọ́n bí ẹran, nígbà tí wọ́n wá hú ihò ìsìnkú wọn jáde ní ọ̀rúndún ogún, egungun ẹsẹ̀ ni idà gé jù. Lónìí kò sẹ́ni tó fẹ́ pa yín, ṣùgbọ́n ní SCA tí wọ́n bá nà yín lẹ́sẹ̀, orí orúnkún lẹ máa ti parí ìjà yẹn, lórí ilẹ̀ líle. Ẹ bo orúnkún yín.

Ó wá ku ìdánrawò, ibẹ̀ ló sì máa ń dùn mí jù, torí ẹlòmíì á fi gbogbo ọdún rọ irin, kò ní sáré ẹyọ kan. Lọ́dún 2011 àwọn onímọ̀ Yunifásítì Leeds gbé àwọn tó mọ ìhámọ́ra wọ̀ ní Royal Armouries, mùsíọ́mù ohun ìjà, sórí ẹ̀rọ ìsáré pẹ̀lú irin lára, wọ́n rí i pé agbára tí rírìn ń gbà lé ní ìlọ́po méjì. Ẹsẹ̀ ló fà á púpọ̀, torí gbogbo ìgbésẹ̀ lẹ fi ń gbé irin ẹsẹ̀ yẹn sókè, àti pé irin àyà ò jẹ́ kí wọ́n mí kanlẹ̀, èémí kúkúrú kúkúrú ni wọ́n ń mí. Boucicaut, ọ̀gágun Faransé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú lójú ogun Agincourt ní 1415, ìtàn ayé ẹ̀ sọ pé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ó máa ń sáré, á rin ìrìn ọ̀nà jíjìn kí èémí ẹ̀ lè gùn, á gbé àáké tàbí òòlù fi lu nǹkan títí kí apá ẹ̀ lè le. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí irin tó jáde. Ẹ máa sáré, ẹ máa gun àtẹ̀gùn, ẹ ri òpó igi mọ́lẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ so táyà àlòkù kọ́, kẹ́ ẹ máa nà án, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìbàdí yí kí ọwọ́ tó lọ, torí ẹni tó bá ń fi èjìká nìkan nà á, èjìká yẹn á dá a lóhùn láìpẹ́. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ìgbà tí irin bá wá dé, ẹ wọ̀ ọ́ nílé, ẹ fi fọ abọ́, ẹ fi gbálẹ̀, kí ara mọ̀ ọ́n.

Omi, ẹ máa mu ú kí òùngbẹ tó gbẹ yín, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i tí oòrùn bá mú, kẹ́ ẹ sì máa ṣí àṣíborí ní gbogbo ìsinmi. Ẹni tí kò làágùn mọ́ tó wá ń sọ̀rọ̀ kátikàti, ẹ tètè bọ́ irin lára ẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ pe ámbúláǹsì.

Tẹ́ ẹ bá jà tán, ẹ má ká gambeson tútù sínú báàgì títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó máa hu, ó sì máa jẹ́ kí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ dípẹtà. Ẹ sá a. Ẹ nu irin gbẹ, ẹ fi òróró pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ wá fa gbogbo okùn awọ ní ìkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ mi orí rivet kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ń jó ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.