Ìbọn Nínú Báàgì: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí Ọmọ Wa Wà ní Texas

Ẹ̀yin ará wa ní Òṣogbo, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ọmọbìnrin ní Texas, níbi tí òfin ti gba ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pé ọdún 21 láyè, láti ọdún 2021, láti gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Báàgì ni àwọn mìíràn ń fi í sí, nítorí pé ìró àti bùbá kò ní bẹ́líìtì tí a lè fi ìbọn há. Àǹfààní tí mo rí nínú rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń tú báàgì ní Ọjà Ọba, tí ọwọ́ yóò kan àtíkè àti ṣéńjì kó tó kan kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn yóò ṣe pẹ́ jáde, kọ́kọ́rọ́ náà sì lè há sí ibi tí ìka ń fà kó yìn. Bí olè bá já báàgì gbà, ó gba ìbọn pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, nínú ilé ìtajà kan ní Idaho, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún méjì fa ìbọn yọ nínú báàgì ìyá rẹ̀, ó sì yìn ín pa ìyá náà. Bẹ́ẹ̀, báàgì ọ̀hún ní àpò tí wọ́n dìídì rán fún ìbọn.

Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má gbé e, kí ó fi sí àpò ọ̀tọ̀ nínú báàgì, kí akọ̀ líle bo ibi tí ìka ń fà, kí báàgì má sì kúrò lára rẹ̀. Kí wọ́n má gbé e bọ̀ wálé o: ní Nàìjíríà, òfin ka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ fún aráàlú.