Dẹ́sítọ́ọ̀pù mi kọ̀ kò tàn, àṣé bọ́tìnnì ni

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni dẹ́sítọ́ọ̀pù mi fi kú fin-ínfin-ín, mo tẹ bọ́tìnnì títí, kò dún pìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ ra páwà sọ́pùláì (ẹ̀yà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) tuntun àmọ́ ọkàn mi ò gbà á, torí nígbà tí mo ṣí àpótí dẹ́sítọ́ọ̀pù náà, iná kékeré tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ṣì ń tàn, ìyẹn ni pé iná 5V tó máa ń wà níbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà bá tiẹ̀ wà ní pípa ṣì ń wọlé. Mo yọ wáyà iná ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tú RAM (mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà), mo dá a padà, pàbó.

Ni mo bá yọ wáyà bọ́tìnnì kúrò lórí pín-ìnì (irin tín-ín-rín) méjì tí wọ́n kọ PWR SW (ìyẹn power switch, bọ́tìnnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà) sí, mo tún ki wáyà iná bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo wá fi ẹnu sikirudíráfà kan pín-ìnì méjèèjì pọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, háà, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí! Mo pariwo! (Ẹ ṣọ́ra o, pín-ìnì méjì yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn.) Bọ́tìnnì iwájú ló kú. Mo mú wáyà RESET SW (ti bọ́tìnnì reset, tí a fi ń tún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀), mo wá fi ìyẹn bọ pín-ìnì PWR SW, torí irú bọ́tìnnì kan náà ni méjèèjì. Bọ́tìnnì reset ni mo fi ń tan án báyìí, kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò mi.