Ìbọn Ìléwọ́ Tó Ń Há: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Tú U Nílé ní Amẹ́ríkà

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìgbélùú yín kẹ́ ẹ tó wo ìbọn. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lórí fìsà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ìbọn tàbí ọta wà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ìwọ̀nba tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Bí ọ̀rẹ́ bá ní kẹ́ ẹ bá òun wo tòun, “ìbọn rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi” kò gba èèyàn sílẹ̀. Ẹjọ́ ìbọn lè dá yín padà sílé. Ẹni tó ní green card lè ní ìbọn, ṣùgbọ́n kó wo òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Kí èèpo ọta tó ti dún há, tàbí kí ọta tuntun má wọlé, kò ṣòro tún ṣe. Títú ìbọn palẹ̀ ló ń pa èèyàn.

Màgasíìnì, ìyẹn àpótí ọta tó ń wọ inú ọwọ́ ìbọn, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ lẹ ó fa sùláìdì, irin orí ìbọn tó ń lọ sẹ́yìn sẹ́wájú, sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá fa sùláìdì kó tó yọ màgasíìnì, ọta kan á fò jáde lójú rẹ̀, òmíràn á sì wọlé rọ́pò rẹ̀. Á rò pé ìbọn ti ṣófo! Ẹ há sùláìdì sẹ́yìn, ẹ tan iná wo ibi tí ọta ń jókòó sí, ẹ ti ọmọ-ìka bọ̀ ọ́. Ẹ tún un wò. Tó bá jẹ́ Glock, irú ìbọn ìléwọ́ kan, ẹ gbọ́dọ̀ fa tírígà kí sùláìdì tó bọ́, ọta kan tẹ́ ẹ gbàgbé á sì dún. Ògiri inú ilé ní Amẹ́ríkà kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, òfìfo láàárín. Ọta 9mm á là á kọjá lọ bá ọmọ tó ń sùn. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Ẹ kó gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn.

Ẹ kọ nọ́ńbà sára àwọn màgasíìnì. Tó bá jẹ́ màgasíìnì nọ́ńbà 2 nìkan ló ń há, sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀ tàbí ètè rẹ̀, etí òkè tó di ọta mú, ti wọ́: ẹ ra tuntun, ẹ má fi píláyà tẹ ètè náà. Tó bá jẹ́ gbogbo wọn, ẹ wo ìkọ́ kékeré ara sùláìdì tó ń fa èèpo ọta jáde. Èédú ìyìnbọn máa ń dì sábẹ́ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti igi ìtayín á yọ ọ́. Ìkán epo díẹ̀ tó fún ojú irin tí sùláìdì ń gbà yọ̀. Ẹ má kán an sí ihò abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta: epo á mú èédú mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ á lọ́ra, ọta ò ní dún.

Ẹ má fi fáìlì kan ohunkóhun nídìí tírígà. Bí ìbọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọta méjì ní fífa tírígà lẹ́ẹ̀kan, ìbọn arọ̀jò-ọta ni òfin ń pè é, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 10. Oníṣẹ́ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá.

Tẹ́ ẹ bá ti tò ó pọ̀, pápá ìyìnbọn lẹ ti máa dán an wò. Ọta kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i, lẹ́yìn náà méjì. Bí ẹ bá fa tírígà tí kò dún, ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi àfojúsùn fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kẹ́ ẹ tó ṣí i. Tó bá dún pẹ́ẹ́ bí ìgbà tí nǹkan kékeré bẹ́, ẹ má yìn ín mọ́: ọta lè ti há sínú ọ̀pá ìbọn.