Bí a ṣe ń dá orúkọ tuntun fún ọmọ

Ṣómólú ni mo ti ń tẹ ìwé ètò ìkómọ, mo sì ti rí oríṣiríṣi orúkọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tí ẹnì kankan ò jẹ́ ládùúgbò yín, ẹ má kàn máa to ìró dídùn pọ̀. Gbólóhùn ni ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó kan bímọ sínú mọ́tò nítòsí Ìbàfò, láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, Abíọ́nà ni. Ìyàwó ò fẹ́. Ó ní orúkọ àwọn baba ńlá ni, tuntun lòun ń wá. "Olúwa la ọ̀nà" ló kọ sórí ìwé tó gbé wá. Mo ní kó máa pè é kíákíá títí fáwẹ̀lì kan yóò fi bọ́. "Ọ̀" bọ́ lóòótọ́, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò bá a lọ, orí "la" ló jókòó lé: Olúwalànà. Ó dùn ún gan-an, pàápàá "Lànà" tí yóò máa fi ké e.

Ẹ wá yọ gbogbo àmì kúrò, torí bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe kọ ọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìbí. Màmá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á: "Lánàá? Ìyàwó, ọmọ tó o bí lọ́sẹ̀ yìí lo fẹ́ máa pè ní àná?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí sórí ẹ̀rọ.

La bá yí i po: Ọ̀nàlà. Fáwẹ̀lì kankan ò bọ́, ọ̀nà inú Abíọ́nà sì wà níbẹ̀, Màmá ò rí nǹkan sọ mọ́. (Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń sọ Fágbèmí di Jésùgbèmí kì í ṣe wàhálà tó yìí. Orí nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.)

Ó ku ẹ̀yìnkùlé. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ fi orúkọ náà ké bí ẹni tí oúnjẹ ti jinná, kí ẹ so orúkọ bàbá mọ́ ọn. Bí ahọ́n bá kọsẹ̀, ẹ padà sórí ìwé.

Bẹ́ ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ sì gba ohùn yín sílẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò kì í tẹ orúkọ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu òbí ọmọ.